Ìhágún Ìyá Agbẹ̀bí Lórí Mọ́tò Tó Ń Kú Lójijì

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Agbẹ̀bí, tí agbẹjọ́rò ti tẹ orúkọ àbísọ mi, orúkọ bàbá mi àti orúkọ ọkọ mi ní kíkún sí ẹ̀yìn ìwé yìí, ni mo jókòó nínú yàrá ìgbàlejò mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Orí mi pé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò pé, kí ó wá bi mí léèrè gbogbo ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ̀bí wọn lọ́dún tí òjò kò rọ̀. N óò kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò sì sọ bí olúkúlùkù wọn ṣe wúwo tó lọ́jọ́ tí a bí i.

Ìhágún kan ṣoṣo tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀, èyí tí mo kọ nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ tí mo rò pé ó ti parí, mo fagi lé e. Agbẹjọ́rò ní kí n fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ohun ìní. Mo ní mo gbọ́. Ẹ óò rí i pé n kò gbọ́.

1. Àwọn alámòójútó. Ènìyàn méjì ni mo fi ṣe alámòójútó ìhágún yìí. Èkíní ni ọkọ mi, rewáyà, tí ó ti ń tún iná mọ́tò ṣe láti ọmọ ogún ọdún. Èkejì ni àbúrò mi ọkùnrin, mẹ́káníìkì, tí ó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì bí abiyamọ ti í mọ igbe ọmọ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọdún kọkànlá rèé. Bí wọ́n bá pàdé nínú yàrá tí mo jókòó sí yìí, ọkọ mi a ní, Ìyàwó mi, bá mi sọ fún àna mi pé orí fìlà mi ni ó jókòó lé. Àbúrò mi a ní, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé orí ni fìlà ń gbé, kì í gbé orí àga. Èmi a wá sọ ti ọ̀tún fún ti òsì, n óò sọ ti òsì fún ti ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ etí àwọn méjèèjì kò di. Nítorí náà, kò sí ohun kan nínú ìhágún yìí tí yóò ṣeé ṣe àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí i, lórí ìwé kan náà, lọ́jọ́ kan náà.

2. Ilé. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mo ń gbé, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti igi máńgòrò tí kì í so ju méje lọ lọ́dún, ti ọkọ mi ni títí di ọjọ́ tí òun náà yóò fi wá bá mi. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ti ọmọ wa obìnrin, olùkọ́ ìṣirò. Ògiri ilé ìdáná tí a kun ìdajì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí lórí rẹ̀. Ìdí tí n kò fi kùn ún tán wà ní abala kẹfà.

3. Ẹran ọ̀sìn. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ti àbúrò mi. Mo mọ̀ pé akọ ńlá inú wọn a máa lé e dé ẹnu géètì, a sì máa dúró síbẹ̀ títí yóò fi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi wọ́n fún un. Ẹni tí ó bá ń bọ́ pẹ́pẹ́yẹ ni pẹ́pẹ́yẹ ń bọ̀wọ̀ fún. Mo ti sọ èyí fún un láti ìgbà tí ó ti ń sá, kò gbọ́.

4. Mọ́tò. Kí ẹni tó bá ń fetí sí ìwé yìí fìdí lélẹ̀ dáadáa.

Mọ́tò mi funfun bí ẹyin, imú rẹ̀ gùn, ó sì dàgbà ju ọmọ mi lọ. Bàbá mi ló rà á. Nígbà tí bàbá papò dà, ó di tèmi, àbúrò mi sì ní òun ni yóò máa bá mi tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ kan kú nígbà náà, wọ́n sì júwe rewáyà kan fún wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń há ẹ̀mú sí àpò ẹ̀yìn bí ẹni há gègé. Ó tún iná náà ṣe ní wákàtí kan. Ó wá ń padà wá fún oṣù mẹ́ta, láti wá wò bóyá iná náà ṣì ń tàn. Ó ń tàn. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀, àbúrò mi tó ń ṣí géètì fún un mọ̀ jù wá lọ. Bí mo ṣe fẹ́ ọkọ mi nìyẹn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mọ́tò náà kò yọ wá lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni àìsàn kan dé bá a. Á máa lọ geerege, kò húkọ́, kò sín, gbogbo iná inú rẹ̀ á kàn kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. Fèrè kò ní dún. Iná iwájú kò ní tàn, abẹ́rẹ́ gbogbo aago iwájú mi á sì wó lulẹ̀ bí ẹni tó sun oorun sẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo bá ń lọ gbẹ̀bí ni ó sáábà máa ń ṣe é. N óò gbé àpò ìgbẹ̀bí mi, n óò ti ilẹ̀kùn, n óò fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, nítorí ọmọ kì í dúró de mẹ́káníìkì. Nígbà tí ọkọ mi bá fi máa dé ìdí mọ́tò, tí ó bá yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, mọ́tò á jí. Á wò ó lọ wò ó bọ̀, kò ní rí àléébù kan. Á wálé, á ní, Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo fúnra rẹ pa á?

Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ náà wá di wàhálà. Ọkọ mi ń wa mọ́tò, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó wà lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun tó gba gbogbo ìjókòó. Àpò ìgbẹ̀bí mi wà níwájú mi, nítorí aboyún kan ládùúgbò wa ti ń rọbí díẹ̀díẹ̀ láti ìdájí. A dé àárín oríta níbi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé, mọ́tò kú. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mọ́kànlá ni wọ́n ń retí wa.

Àbúrò mi wà nínú mọ́tò tó tẹ̀ lé wa, ó sáré bọ́ sílẹ̀. Òun àti ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ̀ba sórí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú aṣọ ayẹyẹ lọ́rùn wọn. Ọkọ mi fún orí bátìrì le. Àbúrò mi fi sípánà lu sítátà lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi gbé àpò mi sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí agbòjò lé ọmọ mi lórí kí oòrùn má ba ojú rẹ̀ jẹ́. Àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dáhùn.

Ó yẹ kí a yọ̀ kí a máa lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní sípánà òun ló jí i. Ọkọ mi ní rárá, orí bátìrì tí òun fún ni. Àbúrò mi ní bí ẹni tó ń so wáyà inú rẹ̀ bá mọ iṣẹ́, ṣé ọjọ́ ìgbéyàwó ni ó yẹ kí bátìrì tú? Ọkọ mi ní ẹni tó bá ń fi irin lu irin kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe é, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń pè é. Àbúrò mi ní alágbẹ̀dẹ sàn ju ẹni tó ń so wáyà bí ẹni ń dirun. Ọkọ mi ní òun kò tún gbọdọ̀ rí ọwọ́ rẹ̀ lára mọ́tò náà láéláé. Àbúrò mi ní láéláé ni òun kò ní tún wọ inú rẹ̀. Gbogbo oríta ń fun fèrè mọ́ wa. Ọmọ mi yọ orí lábẹ́ agbòjò, ó ní, Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lọ fẹ́ ọkọ mi?

A débẹ̀ bí aago ṣe ń lù. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, èmi ni mo dúró láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀kan ń wo ìlà oòrùn, ọ̀kan ń wo ìwọ̀ oòrùn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò kan ara wọn mọ́.

Mọ́tò náà, mo fi í fún ọkọ mi àti àbúrò mi lápapọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tà á. Wọn kò sì gbọdọ̀ wà á àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ wà nínú rẹ̀.

5. Pẹpẹ. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò náà, ní àárín, pẹpẹ igi kékeré kan wà tí mo máa ń gbé àpò mi lé. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n. Fìlà rẹ̀ ni òun máa ń gbé síbẹ̀. Mo sọ fún un pé ilé ìtajà ni mo ti rà á. Irọ́ ni mo pa.

Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí wa ló bá mi ṣe é, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún un níbi tó sùn sí. Ọkọ mi mọ ẹni tí mo ń wí. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ mi, kí iná iwájú mọ́tò tó kú rárá. Mo kọ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fẹ́ ìyàwó tirẹ̀, èmi ni mo gba ẹ̀bí ọmọ márùn-ún fún un. Kò sí nǹkan kan láàárín wa ju ẹ káàárọ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ nílé wa, oúnjẹ a máa korò lẹ́nu ọkọ mi. Nígbà tí mo wá nílò pẹpẹ, tí ọkùnrin náà sì ní òun yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbà, mo sì bo ẹnu mi. Ọdún méjì ṣáájú ìgbéyàwó ọmọ wa ni.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún náà ni àìsàn mọ́tò bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo bí olùkọ́ ìṣirò, n kò ṣírò rẹ̀.

6. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí àpò ìgbẹ̀bí mi ti wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà, mọ́tò kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ní wáyà tuntun tí òun so kẹ́yìn ló wò ó sàn, ó sì ń fi í yangàn fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa. Àbúrò mi ní kí n bá òun sọ fún wọn pé púlọ́ọ̀gì tí òun ti yí padà kí ìjà tó dé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ náà, mo lọ ra ọ̀dà tí mo fẹ́ fi kun èyí tó kù nínú ilé ìdáná. Mo gbé agolo ọ̀dà ńlá sórí pẹpẹ. Bí mo ṣe ń gun òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, mọ́tò kú pátápátá.

Mo rántí gbogbo ohun tí ọkọ mi kọ́ mi nígbà tó ṣì ń wá wo iná tó ń tàn. Mo fun fèrè, kò dún. Mo tan iná, kò tàn. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló kú, iná kò dé ibì kankan. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo mi orí bátìrì méjèèjì, wọ́n le. Mo mú tẹ́sítà jáde nínú àpótí ìjókòó, ìyẹn gílóòbù kékeré onímú irin tí àwọn rewáyà fi ń wá iná. Mo so wáyà rẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, mo fi imú rẹ̀ kan bátìrì, ó tàn. Mo tẹ̀ lé wáyà nínípọn láti ibẹ̀ títí dé ibi tó ti gba ihò wọ inú mọ́tò, ó tàn. Ó jẹ́ pé inú ni àrùn wà.

Ni mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà níta lójú títì. Ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn sáré wá, ó ní, Màmá, ṣé kí n pe dókítà? Mo ní kí ó dúró, kí ó bá mi di bàtà mi mú.

Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, aago kékeré kan wà tó ń fi hàn bóyá iná ń wọ bátìrì tàbí ó ń jáde. Gbogbo iná mọ́tò náà ló ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo fi tẹ́sítà kan apá kan, ó tàn. Mo fi kan apá kejì, òkùnkùn. Agolo ọ̀dà náà dí mi lójú, mo fi ọwọ́ kejì gbé e kúrò kí n lè ríran. Tẹ́sítà tàn. Mo gbé agolo padà, ó kú. Mo gbé e kúrò, ó tàn.

Káfíńtà wa, kí Ọlọ́run dárí jì í, ti wá ibi tí yóò fi ìkọ́ irin pẹpẹ rẹ̀ há, ó sì há a mọ́ wáyà ẹ̀yìn aago náà. Bí nǹkan wúwo bá wà lórí pẹpẹ, ìkọ́ á fa wáyà kúrò lẹ́nu aago. Bí mo bá ti gbé e kúrò, wáyà á padà sáyè rẹ̀. Àpò ìgbẹ̀bí mi ni. Ìwọ̀n irin tí mo fi ń wọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Kò sí ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò náà tí n kò gbé àpò mi dání. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọwọ́ tí mo fi gbé àpò láti lọ ṣí agbòjò ló jí mọ́tò.

Mo gbé agolo náà sókè, mo gbé e sílẹ̀, bóyá ìgbà méje. Ẹ̀rín gbé mi lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin oníwèé ìròyìn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí, bàtà mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé ni ẹ̀rín náà tán. Mo rí ọkọ mi tó jókòó sábẹ́ máńgòrò, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo rántí àbúrò mi, ẹni àádọ́rin ọdún, tí dókítà ti ní kí ó máa rọra gun kẹ̀kẹ́. Ọdún mọ́kànlá, nítorí àpò mi, nítorí irọ́ mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ láìbá èkejì sọ̀rọ̀, èmi ni mo di ẹrù náà lé e lórí. N kò lè kun ògiri lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì lè kùn ún.

7. Tẹ́sítà náà. Mo fi í fún ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ ló fún mi kí a tó fẹ́ra wa, ó fi tẹ́ẹ̀pù pupa yí ọrùn rẹ̀ nítorí ó ní kò rí òdòdó rà. Kí ó máa lò ó. Kí ó má gbé e kọ́ sára ògiri.

8. Kíkà ìwé yìí. Agbẹjọ́rò ní wọn kì í ka ìhágún nígbà tí ẹni tó ni ín bá ṣì ń mí. Mo ní òfin wo ló kà á léèwọ̀? Ó yẹ ìwé wò títí, kò rí i. Nítorí náà, mo pàṣẹ pé kí wọ́n ka ìhágún yìí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, lójú ọkọ mi, àbúrò mi àti ọmọ mi, kí èmi náà wà níbẹ̀. N kò ní lè sọ ọ́ fúnra mi. Ẹnu agbẹjọ́rò ni kí ó gbà jáde.

ÀFIKÚN, tí mo sọ ní ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn kíkà náà.

Wọ́n kà á. Nígbà tí agbẹjọ́rò dé ibi pẹpẹ, ọkọ mi ṣí fìlà. Nígbà tí ó dé ibi agolo ọ̀dà, àbúrò mi bo ojú, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni. Ó kà á tán. Mo ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi dìde, ó bọ́ síta. Àbúrò mi dìde, ó tẹ̀ lé e. Mo ní ó ti parí, mo ti tú ilé mi ká. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú.

A gbọ́ ìró bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ohùn ọkọ mi láti inú mọ́tò, ó ní, Bá mi mú ẹ̀mú yẹn.

A gbọ́ tí ẹnì kan ń tú irin iṣẹ́ wò.

Àbúrò mi ní, Èwo nínú wọn, ẹ̀gbọ́n? Èyí tó ní ẹnu gígùn àbí kúkúrú?

Ọkọ mi ní, Gígùn. Rọra o, àyà rẹ.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, agbẹjọ́rò náà ń wá áńkáṣíìfù kiri. Ìgbà tí a jáde, pẹpẹ ti wà lórí koríko, wọ́n ti so wáyà ẹ̀yìn aago náà le, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí ó kọ́kọ́ fura sí ìkọ́ náà láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n wà á jáde ní géètì, wọn kò pe ẹnì kankan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé, eruku bò wọ́n. Mo bèèrè ibi tí wọ́n lọ. Ọkọ mi ní àwọn lọ dán an wò. Mo ní ṣé ẹ bínú sí mi? Ó wò mí pẹ́. Ó ní lórí irọ́ tí mo pa nípa káfíńtà yẹn, òun yóò bínú, ṣùgbọ́n kí n fún òun ní àyè, ọwọ́ òun dí lọ́wọ́lọ́wọ́. Àbúrò mi ní, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa wá nǹkan jẹ ná.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dán an wò. Àárọ̀ ni wọ́n ń jáde. Wọ́n ti kí gbogbo ọ̀rẹ́ tí wọn kò kí fún ọdún mọ́kànlá. Kẹ̀kẹ́ àbúrò mi wà lẹ́yìn ilé mi, adìyẹ aládùúgbò ti yé ẹyin sínú àpò tó so mọ́ ọn lẹ́yìn. Lánàá mo ní kí wọ́n gbé mi dé ilé dókítà ojú, wọ́n ní kí n wọ bọ́ọ̀sì, pé ọ̀nà àwọn kò gba ibẹ̀.

Nítorí náà, mo yí abala kẹrin padà báyìí, pẹ̀lú orí pípé àti ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀. Mo gba mọ́tò mi lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni títí n óò fi tún sọ̀rọ̀, n kò sì ní í sọ̀rọ̀ láìpẹ́, nítorí mo ṣì fẹ́ pẹ́ láyé. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí wọ́n jọ jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni n óò máa wà á.

Mo fọwọ́ sí i lójú àwọn ẹlẹ́rìí, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún tí mo pé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin:
Ìyá Agbẹ̀bí, ẹni tó ni ìhágún.

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Aránṣọ tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwa.
Ẹlẹ́rìí kejì: Akọ̀wé agbẹjọ́rò, tí ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun tẹ ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ẹ̀rín.